Kòkòrò àti koríko ò jẹ́ kí ọgbà ẹ̀fọ́ tuntun mi gbèrú ní Àjàṣẹ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Olóko Ẹ̀yìnkùlé (Àjàṣẹ́)

Ẹ kú iṣẹ́ oko o, ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi. Nígbà tí òjò oṣù kẹrin bẹ̀rẹ̀ ni mo dá ọgbà ẹ̀fọ́ sí ẹ̀yìnkùlé wa ní apá Ouando, ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) níbí. Ilẹ̀ pupa ni, ó sì ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti dáko níbẹ̀ kẹ́yìn. Mo fọ́n tẹ̀tẹ̀ àti ewédú, mo gbin ilá, mo ra ọ̀gbìn gbọma (ẹ̀fọ́ kan tó jẹ́ ìbátan ikàn) àti tòmátì, mo sì lọ́ wọn.

Wàhálà tí mo ń rí nìyí. Tòmátì tí mo bá lọ́ nírọ̀lẹ́, tí ilẹ̀ bá mọ́, màá bá òmíràn nílẹ̀, nǹkan kan ti gé e ní ìdí, ewé rẹ̀ sì wà lódindi. Òmíràn ò tilẹ̀ sí níbẹ̀ mọ́. Ewé tẹ̀tẹ̀ ń ká jọ, òwú tẹ́ẹ́rẹ́ wà nínú rẹ̀, tí mo bá tú u, ihò ni gbogbo rẹ̀. Gbọma mi ò ga, ewé rẹ̀ ń pọ́n, ó máa ń rọ lọ́sàn-án, á tún gbé orí sókè nírọ̀lẹ́, bẹ́ẹ̀ ni mo ń bomi rin ín. Èyí tó ń dá mi lágara jù ni koríko kan tí ewé rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, tó ń dán. Mo tu ú lọ́jọ́ Ajé, kó tó di Ọjọ́bọ̀ ó ti yọrí, ó sì pọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Aládùúgbò wa kan gbé oògùn kan wá nínú ìgò, ó ní ti oko òwú ni, ó ní kí n pò ó mọ́ omi kí n fọ́n ọn sí gbogbo rẹ̀. N kò tíì fọ́n ọn. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n ṣe?

Ìyá Ẹlẹ́fọ̀ọ́ (Àjàṣẹ́)

Ọmọ mi, kú ìrọ́jú. Kí a tó sọ ohunkóhun, gbé ìgò yẹn kúrò nítòsí ọgbà, má sì tọ́jú rẹ̀ sí ilé ìdáná tàbí ibi tí ọwọ́ ọmọdé lè tó. Òwú ni wọ́n ṣe oògùn yẹn fún, kò sì sẹ́ni tó ń fi òwú se ọbẹ̀. Tẹ̀tẹ̀ tí o fọ́n ọn sí lónìí, ọ̀túnla lo fẹ́ já a, oògùn náà ò sì ní tíì kúrò lára rẹ̀, bó ti wù kí o fi omi ṣàn án tó. Ní apá Borgou ní àríwá Benin, láàrin 1999 sí 2000, endosulfan tí wọ́n ń lò sí òwú pa ọ̀pọ̀ ènìyàn, oúnjẹ tí oògùn náà kàn sì ni àwọn kan nínú wọn jẹ. Ní 2011 ni wọ́n kà á mọ́ àwọn oògùn tí àdéhùn àgbáyé Stockholm ní kí àwọn orílẹ̀-èdè pa tì. Síbẹ̀, ìgò tí kò ní orúkọ lára ṣì ń ti ọwọ́ ẹnìkan bọ́ sí ọwọ́ ẹlòmíràn láàrin wa. Ó ń dùn mí.

Ohun tó ń gé tòmátì kọ́ ló ń ká tẹ̀tẹ̀, èyí tó ń ká tẹ̀tẹ̀ kọ́ ló sì dá gbọma dúró. Lọ wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan ná. Lálẹ́ òní, tí ilé bá ti dákẹ́, mú iná fóònù rẹ, rọra lọ sí ìdí tòmátì. Bí o bá rí ihò tí iyẹ̀pẹ̀ tuntun wà lẹ́nu rẹ̀, ìrẹ̀ ni. Òun ló ń gé ọ̀gbìn tó sì ń wọ́ ọ wọ inú ihò, ìdí nìyẹn tí o fi ń wá òmíràn tì. Èyí tí o bá nílẹ̀ gbalaja, fi ìka tú iyẹ̀pẹ̀ ìdí rẹ̀, má wà á jìn, wàá bá kòkòrò eléérú kan tó ká ara rẹ̀ kò. Òru ló ń jẹun, ọ̀sán ló ń sùn sínú ilẹ̀. Pa á. Ti ìrẹ̀, po ọṣẹ kòtò mọ́ omi, dà á sínú ihò, á jáde wá bá ọ fúnra rẹ̀. Lẹ́yìn náà, gé òkè àti ìsàlẹ̀ agolo mílíkì, fi yí ìdí tòmátì ká, rì í mọ́lẹ̀ díẹ̀. Tí igi tòmátì bá ti le, o lè yọ agolo náà, wọn ò ní lè gé e mọ́.

Ti tẹ̀tẹ̀: fi ọwọ́ gbá orí rẹ̀ nírọ̀lẹ́, wàá rí labalábá kéékèèké aláwọ̀ ilẹ̀ tó ní ìlà funfun lápá, wọ́n á fò. Àwọn ni ìyá. Ọmọ wọn aláwọ̀ ewé ló ń fi òwú rán ewé pọ̀, á wá fara pa mọ́ sínú rẹ̀ máa jẹ. Oògùn tí o bá fọ́n sókè kì í fi bẹ́ẹ̀ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ níbẹ̀. Já gbogbo ewé tó ti ká, kó o fún adìyẹ, má dà á sí ẹ̀gbẹ́ ebè. Tí tẹ̀tẹ̀ bá sì ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin, má retí kó di igi. Tu ú, jẹ ẹ́, ta ìyókù, kí o fọ́n òmíràn sí ebè tó jìnnà síbẹ̀. Àwa tí à ń tà á, ìkórè kíákíá ni a gbẹ́kẹ̀ lé jù.

Àgbẹ̀ Kétu

Ìyá wa, ẹ ṣeun, ẹ ó jèrè. Ẹ jẹ́ kí n gba ti koríko.

Àbúrò, dáńdá ló wà nínú ọgbà rẹ. Fi ìka méjì di igi tó ru òdòdó rẹ̀ mú, yí i, igun mẹ́ta ló ní. Eéran àti gbági ò rí bẹ́ẹ̀. Wá fi ọkọ́ wa ìdí rẹ̀ wò: wàá bá kókó dúdú líle kan, okùn tẹ́ẹ́rẹ́ á ti ara rẹ̀ lọ sí kókó kejì, ti kejì á lọ sí ẹ̀kẹta. Ibẹ̀ ni ẹ̀mí rẹ̀ wà. Ewé tí o ń fà tu lókè, bí ìgbà tí ènìyàn gé irun orí ni.

Ohun tó mú kó pọ̀ sí i lẹ́yìn tí o tu ú ni pé nígbà tí okùn yẹn wà lódindi, ìwọ̀nba kókó ló ń hù, ìyókù ń sùn. Bí ọkọ́ bá já okùn, gbogbo wọn á jí. Kókó kan sì ní ju ojú kan lọ. Bí èyí tó kọ́kọ́ hù bá kú, òmíràn á yọ. Tí o bá wá jẹ́ kí ewé rẹ̀ dúró tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin, á ti bẹ̀rẹ̀ sí í so kókó tuntun sábẹ́ ilẹ̀.

Nítorí náà, lẹ́yìn òjò, nígbà tí ilẹ̀ bá rọ̀, wa á jáde pẹ̀lú kókó rẹ̀. Fọ́ọ̀kì oko sàn ju ọkọ́ lọ torí kì í gé kókó. Ṣa á sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì, sá a sórí páànù títí á fi gbẹ fọ́nfọ́n, kí o dáná sun ún. Má gbé e lọ sí ààtàn rárá. O ò lè ṣà á tán lẹ́ẹ̀kan, èyí tó bá tún hù, má jẹ́ kí ó pé ọ̀sẹ̀ méjì lókè ilẹ̀. Bí o ṣe ń gé e ní kékeré, inú kókó ló ti ń fa oúnjẹ tó fi ń hu ewé tuntun, kókó náà á sì máa tán lókun díẹ̀díẹ̀. Ẹni tó bá fi í sílẹ̀ fún oṣù kan ti sọ gbogbo iṣẹ́ rẹ̀ nù.

Dáńdá kì í fẹ́ òjìji. Ebè tí ó pọ̀ sí jù, má gbin tòmátì tàbí àlùbọ́sà síbẹ̀ lọ́dún yìí, gbin ọ̀dùnkún kí ewé rẹ̀ bo ilẹ̀. Má sì náwó lé ọ̀rá dúdú nítorí rẹ̀; ẹnu dáńdá mú, á lu ọ̀rá jáde. Ní Kétu níbí, kànga wa jìn, omi ò sí nílẹ̀ láti máa fi tọ́ ẹ̀fọ́ ní gbogbo ẹ̀ẹ̀rùn. A wá ń fi ẹ̀ẹ̀rùn náà bá dáńdá jà: ní oṣù kejìlá sí oṣù kìíní, a máa ń wa ilẹ̀ tó ní in sókè, a ò ní bomi rin ín, ọyẹ́ àti oòrùn á gbẹ kókó tó bá bọ́ sí ìta. Kì í tán pátápátá, ṣùgbọ́n ọdún kejì kì í rí bí ti àkọ́kọ́.

Àwọn koríko yòókù, èso wọn ló wà nínú ilẹ̀ rẹ láti ọjọ́ pípẹ́, tí ọkọ́ rẹ sì gbé wá sókè. Nígbà mìíràn tí o bá fẹ́ fọ́n ẹ̀fọ́, ṣe ebè rẹ tán, bomi rin ín, má fọ́n nǹkan kan. Jẹ́ kí koríko hù fún nǹkan bí ọjọ́ mẹ́wàá sí mẹ́rìnlá, kí o fi ọkọ́ há ojú ilẹ̀ féléfélé. Má wà á jìn, kí o má baà tún gbé èso mìíràn sókè. Lẹ́yìn náà kí o fọ́n ẹ̀fọ́ rẹ ní ìlà. Ohun tí ó bá hù láàrin ìlà, o ti mọ̀ pé ìwọ kọ́ lo gbìn ín.

Kíákíá Ló Dára

Gbogbo làálàá yìí nítorí koríko? Oògùn apakoríko wà lọ́jà. Èmi ń fọ́n ọn sí oko àgbàdo mi kí n tó gbìn, koríko á sì rọ.

Àgbẹ̀ Kétu

Ẹ̀gbọ́n, oko tí nǹkan kan ò tíì hù nínú rẹ̀ yàtọ̀ sí ẹ̀yìnkùlé tí tẹ̀tẹ̀, tòmátì àti dáńdá jọ dúró lójú kan. Oògùn yẹn ò mọ ẹ̀fọ́ yàtọ̀ sí koríko. Afẹ́fẹ́ díẹ̀ báyìí, ó ti wà lórí ewé tòmátì. Ní àárín ìgboro Àjàṣẹ́, kànga onílé àti ti aládùúgbò kì í sì í jìnnà sí ebè. Mi ò ní gbà á nímọ̀ràn fún un.

Akẹ́kọ̀ọ́ Oko (Àjàṣẹ́)

Ẹ jẹ́ kí n fi ti gbọma kún un. Centre Songhaï, tí Fadá Godfrey Nzamujo dá sílẹ̀ ní Àjàṣẹ́ ní 1985, ni mo ti kọ́ iṣẹ́ oko. Gbọma tó ń rọ lọ́sàn-án tó ń jí nírọ̀lẹ́, tí ilẹ̀ rẹ̀ sì tutù, gbòǹgbò ni kí o lọ wò. Má fà á tu o, wa á, kí o fi omi ṣan iyẹ̀pẹ̀ ara rẹ̀ nù. Tí gbòǹgbò bá wú ní kókó-kókó, nẹ́mátóòdù ni, kòkòrò inú ilẹ̀ tí ojú lásán ò lè rí. Àwọn kan máa ń ṣì í mú fún kókó ara gbòǹgbò ẹ̀pà àti ẹ̀wà. Ìyẹn ń ṣe ilẹ̀ lóore, ẹ̀gbẹ́ gbòǹgbò ló lẹ̀ mọ́, èékánná lè ṣí i kúrò. Ti nẹ́mátóòdù, gbòǹgbò fúnra rẹ̀ ló wú, kò ṣeé ṣí.

Tí ó bá jẹ́ òun ni, kò sí ohun tí wàá fọ́n sí ewé tí yóò kàn án. Wa gbogbo èyí tó ti mú jáde tòun ti gbòǹgbò, kí o sun ún. Má tún gbin gbọma, tòmátì, ilá, ewédú tàbí ṣọkọ sí ojú ibẹ̀ ní sáà tó tẹ̀ lé e, torí gbogbo wọn ló ń bọ́ ọ. Ẹ̀pà ni kí o gbìn. Àwọn nẹ́mátóòdù tó wọ́pọ̀ jù lára ẹ̀fọ́ wa kì í rí ẹ̀pà jẹ gbèrú. Ìgbẹ́ adìyẹ tó ti jẹrà dáadáa náà máa ń dín in kù. Èyí tí kò tíì jẹrà á jó ọ̀gbìn rẹ. O sọ pé o ra ọ̀gbìn, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ inú iyẹ̀pẹ̀ rẹ̀ ló bá wọlé. Tí o bá tún fẹ́ rà, bẹ ẹni tó ń tà á pé kó ṣan ọ̀kan fún ọ, kí o wo gbòǹgbò rẹ̀ kí owó tó kúrò lọ́wọ́ rẹ.

Ará Ṣábẹ

Ẹ kú iṣẹ́ láti ẹsẹ̀ òkè Ṣábẹ. Níwọ̀n ìgbà tí a ti dárúkọ ajílẹ̀: ìgbẹ́ màlúù àwọn Fúlàní la fi ń tọ́ ilẹ̀ níbí. Ó dára, ṣùgbọ́n koríko ni màlúù ń jẹ, ọ̀pọ̀ èso koríko sì ń la ikùn rẹ̀ kọjá láìkú. Ẹni tó bá da ìgbẹ́ tútù sí ebè, koríko ló ń gbìn. Kó o jọ gègèrè, bomi rin ín, fi ewé bò ó, máa yí i padà, títí inú rẹ̀ á fi gbóná débi tí ọwọ́ ò lè pẹ́ níbẹ̀. Ooru yẹn ló ń pa èso. Nígbà tí ó bá tutù, tó dúdú, tí kò rùn mọ́, ó ti tó lò.

Mo tún fẹ́ kí o múra sílẹ̀ de tata, tata tó ń rùn yẹn, aláwọ̀ ewé tó ní dúdú àti àwọ̀ ìyeyè lára. Nígbà tí òjò bá ń kásẹ̀ nílẹ̀, láti oṣù kẹwàá sí oṣù kejìlá, ni ọmọ wọn ń yọ látinú ilẹ̀. Dúdú ni wọ́n, àmì ìyeyè wà lára wọn, wọ́n máa ń ṣùjọ sórí ewé kan náà, pàápàá ewé gbágùúdá. Ìgbà yẹn ni kí ẹ pa wọ́n. Ní kùtùkùtù, kí oòrùn tó ta wọ́n jí, gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì omi ọṣẹ sábẹ́ ewé náà kí o gbọn ọ́n sínú rẹ̀. Tí wọ́n bá ti ní ìyẹ́, apá ò ní ká wọn mọ́. Abẹ́ igi tó ní òjìji ni ìyá wọn máa ń kóra jọ yé ẹyin sí. Ẹni tó bá mọ ibẹ̀, kó fi ọkọ́ wa á sókè kí oòrùn lè pa ẹyin náà. Ẹ pe àwọn ará ilé tó yí yín ká sí i, torí tata ilé kejì ò ní dúró sí ilé kejì.

Olóko Ẹ̀yìnkùlé

Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun, Ọlọ́run á bù sí i fún yín. Mo lọ wò lóru bí Ìyá ṣe ní. Ihò ìrẹ̀ wà lẹ́bàá ògiri, ewé tòmátì ṣì wà lẹ́nu rẹ̀. Ní ebè kejì, mo bá àwọn kòkòrò eléérú náà ní ìdí èyí tó ṣubú. Mo sì wa gbọma kan, gbòǹgbò rẹ̀ wú kókó-kókó, èékánná ò ṣí i. Mo ti dá ìgò padà fún ẹni tó ni ín, mo sì ka ọ̀rọ̀ Ìyá sí i létí.

Ó ku ìbéèrè méjì. Ọ̀pọ̀ ewé wà láàrin ewédú tí n kò mọ̀, ṣé kí n tu gbogbo rẹ̀? Iná wẹ́wẹ́ dúdú kan, kòkòrò bíi iná orí, sì bo abẹ́ ewé ilá, èèrà ń rìn lọ rìn bọ̀ lórí wọn. Wọ́n ní dóńgóyárò dára, báwo lẹ ṣe ń ṣe é?

Ìyá Ẹlẹ́fọ̀ọ́

Má tu gbogbo rẹ̀ o, ọmọ mi! Ìdajì ohun tí àwọn ọmọ ìsinsìnyí ń tú dànù, àwa là ń kó lọ sọ́jà. Èyí tí ewé rẹ̀ ki, tó ń dán, tó ń yọ òdòdó pupa rẹ́súrẹ́sú, gbúre nìyẹn. Èyí tó ń rá lórí ilẹ̀, tí igi rẹ̀ pọ́n tó sì lómi nínú, pápásan ni. Ẹ̀bọ̀lọ̀ máa ń dorí òdòdó rẹ̀ kodò, òórùn rẹ̀ á sì sọ fún ọ. Yánrin ń sun oje funfun tí o bá já a. Ẹ̀kúyá náà máa ń hù fúnra rẹ̀. Ṣí wọn lọ sí ebè kan tiwọn, kòkòrò kì í yọ wọ́n lẹ́nu bíi ti tẹ̀tẹ̀, ọ̀dá kì í sì í tètè pa wọ́n. Ọbẹ̀ yánrin tí a fi ẹ̀gúsí sè, mi ò ní fi gbọma pààrọ̀ rẹ̀. Ewé tí kò bá dá ọ lójú, má fi sí ìkòkò títí àgbàlagbà kan á fi rí i.

Èyí tí kí o tu láìjáfara kó tó yọ òdòdó: imí eṣú, tẹ̀tẹ̀ ẹlẹ́gùn-ún, patanmọ́. Gọ̀dọ̀gbọ̀dọ̀, gbé e jáde kúrò nínú ọgbà pátápátá, torí oríkèé rẹ̀ kan tó bá já sílẹ̀ tútù á ta gbòǹgbò.

Akẹ́kọ̀ọ́ Oko

Iná dúdú yẹn ń fa omi ara ewé, ó sì ń yọ omi dídùn kan lẹ́yìn. Omi yẹn ni èèrà ń wá, ìdí nìyẹn tó fi ń lé kòkòrò tó bá fẹ́ pa wọ́n jẹ. Wọ́n eérú sí ìdí ilá nígbà tí ilẹ̀ gbẹ kí èèrà má lè gòkè, gé ọ̀mùnú tó ti bò jù, fi omi tàbí omi ọṣẹ fọ ìyókù. Tí o bá rí kòkòrò roboto pupa tó ní àmì dúdú lẹ́yìn, má pa á. Òun àti ọmọ rẹ̀ ló ń jẹ iná náà.

Dóńgóyárò: èso rẹ̀ lágbára ju ewé lọ. Ṣa èyí tó já bọ́ sílẹ̀, bó o, sá a sí òjìji títí á fi gbẹ. Èyí tó bá bu, dà á nù. Gún kóró rẹ̀, giramu 50 sí lítà omi kan, jẹ́ kó sùn mọ́jú, fi aṣọ sẹ́ ẹ, fi ọṣẹ díẹ̀ sí i kó lè lẹ̀ mọ́ ewé. Tí o ò bá rí èso, gún ewé tútù kílò kan sí lítà omi 5, kó sùn mọ́jú bákan náà. Ìrọ̀lẹ́ ni kí o fọ́n ọn, sí abẹ́ ewé, torí oòrùn máa ń ba agbára rẹ̀ jẹ́. Tún un ṣe lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan tàbí tí òjò bá ti fọ̀ ọ́. Kì í pa kòkòrò lójú ẹsẹ̀. Á máa jẹun díẹ̀díẹ̀, kò sì ní lè dàgbà. Àwọn kan ń da epo òyìnbó mọ́ ọn, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀, á jó ewé.

Ọmọ Adjarra

Ṣé mo lè fi nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn tí wọ́n pín fún wa bo kábéèjì?

Akẹ́kọ̀ọ́ Oko

Rárá, oògùn wà lára ìyẹn, ewé tí a fẹ́ jẹ ni yóò sì máa kàn. Ra nẹ́ẹ̀tì tí kò ní oògùn. Wọ́n ti dán an wò lórí kábéèjì ní gúúsù Benin níbí, ó sì ń dí labalábá lọ́nà láti yé ẹyin. Fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ gbé e sókè kó má fara kan ewé, fi iyẹ̀pẹ̀ tẹ etí rẹ̀ mọ́lẹ̀ yí ká. Yẹ abẹ́ ewé wò dáadáa kí o tó bò ó, kí o má baà bo kòkòrò mọ́ inú rẹ̀. Tí o bá fi bo kùkúńbà, ṣí i nígbà tó bá ń yọ òdòdó, kí oyin lè wọlé.

Olóko Ẹ̀yìnkùlé

Ẹ̀gbọ́n Kétu, ìgbà wo ni kí n gbin ẹ̀pà sí ojú gbọma?

Àgbẹ̀ Kétu

Má tíì gbìn ín báyìí. Tu gbọma náà ná, wa ilẹ̀ rẹ̀ sókè kí oòrùn oṣù kẹjọ lù ú, ṣa dáńdá tó bá wà níbẹ̀. Tí òjò kejì bá ti fẹsẹ̀ múlẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹsàn-án, kí o gbìn ín. Irú tó ń pé ní ọjọ́ 90 ni kí o bèèrè lọ́jà, kó lè gbó kí omi tó tán nínú ilẹ̀.